Ẹni Tó Yọ̀ǹda Ara Rẹ̀ Kò Yọ̀ǹda Ẹ̀tọ́ Rẹ̀

 

Lẹ́tà kan wọlé sí ọ́fíìsì ẹ̀ka wa ní oṣù tó kọjá. Ìgbìmọ̀ àwọn oníṣègùn kan ní ìlú wa níbí ló kọ ọ́. Wọ́n ń múra láti lọ ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní agbègbè Kenema, ní apá ìlà-oòrùn Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró. Wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn tó ní ìpá, wọn yóò ṣí ojú tí funfun ti bò, wọn yóò sì yẹ àwọn aboyún wò. Wọ́n ní àwọn ń fẹ́ awakọ̀ mẹ́rin tí yóò wa lọ́rì ẹrù méjì gba ojú títì lọ, mẹkáníìkì kan, ẹni kan tó mọ iṣẹ́ iná, àti obìnrin méjì tí yóò máa fọ aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní kí àwa tó kù dá owó iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé mẹ́ta ni lẹ́tà náà. A kà á, a tún un kà, a kò rí ibi kan tí wọ́n ti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí awakọ̀ bá kán lẹ́sẹ̀ lọ́nà.

A dá wọn lóhùn. A ní inú wa dùn sí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ìwé ìńṣọ́ránsì hàn wá, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa ẹni tí yóò gbọ́ bùkátà ìyàwó àti ọmọ bí nǹkan bá ṣe ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí a bá fi ránṣẹ́. Ohun tí a béèrè kò ju èyí lọ. Èsì tó padà wá kún fún ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Wọ́n ní iṣẹ́ àánú kì í ṣe ohun tí à ń ná bí ẹni ń ná ẹja lọ́jà. Wọ́n ní ẹni tí ìfẹ́ aláìsàn bá wà lọ́kàn rẹ̀ kò ní máa béèrè owó. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń lọ káàkiri ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́ àti gáréèjì, tí àwọn kan sì ń sọ pé ẹgbẹ́ wa ni kò jẹ́ kí àwọn aláìsàn Sàró rí ìtọ́jú. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ èyí, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè mọ ibi tí a dúró sí.

Irọ́ ni pé a lòdì sí ìrìn àjò náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí a lẹ lẹ́tà yìí mọ́ ara pátákó, ọmọ ẹgbẹ́ 11 ló kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ó ju iye tí wọ́n béèrè lọ. Àwọn kan nínú wọn ti ń wa tírélà kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó wọ ilé ìwé. Sàró pàápàá kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún wa. Freetown ni wọ́n sọ àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú sí. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé Àjàyí Crowther dé ní 1822, ibẹ̀ náà ni àwọn tí à ń pè ní Àkú wà títí di òní. Ogun jà ní ilẹ̀ náà láti 1991 títí di 2002, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí Ebola fi wọlé tọ̀ wọ́n ní 2014. Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí kò ní ṣe é láàánú? A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Bí wọn yóò ṣe lọ ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí.

Nígbà tí a tẹ̀ wọ́n títí, wọ́n fi ìwé ìńṣọ́ránsì hàn wá. Ó wà lóòótọ́. Orúkọ 14 ni a kà nínú rẹ̀: dókítà mẹ́fà, nọ́ọ̀sì méje, àti akọ̀wé ìgbìmọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dùbúlẹ̀ àìsàn ní Sàró, ilé iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì yóò fi bàálù gbé e padà wá sí Èkó. Kò sí orúkọ awakọ̀ kankan níbẹ̀. Kò sí ti mẹkáníìkì, kò sí ti oníná, kò sí ti àwọn obìnrin tí yóò fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀. A bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, wọ́n ní owó ló kéré, àti pé àwọn tí a kò kọ orúkọ wọn yẹn jẹ́ “olùrànlọ́wọ́”.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ìrìn àjò kan náà ni. Iṣẹ́ Ọlọ́run kan náà ni. Ìfẹ́ aláìsàn wà lọ́kàn dókítà, ìfẹ́ náà kò sì ní kí ó má ra ìńṣọ́ránsì. Nígbà tó kan awakọ̀ ni ìfẹ́ wá di ìdí tí kò fi gbọ́dọ̀ béèrè. A kò bá àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wí o. Ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe fún ara wọn, àwọn méjì nínú àwọn nọ́ọ̀sì náà sì ti wá bá wa ní kọ̀rọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa ló tọ́. Àwọn tó jókòó sídìí ìwé, tí wọ́n ń pín ènìyàn sí oníṣẹ́ àti olùrànlọ́wọ́, ni à ń bá wí.

Ta sì ni ewu ọ̀nà wà fún jù? Àwọn 14 yóò wọ bàálù ní Ìkejà, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n á ti dé Freetown. Awakọ̀ wa yóò gba Sẹ̀mẹ̀ jáde, yóò la Bẹ̀nẹ̀ kọjá dé Hilla-Condji, yóò la Tógò dé Aflao, yóò la Gánà dé Elubo, yóò la Ivory Coast já sí Danané, kí ó tó bọ́ sí Làìbéríà ní Loguatuo, kí ó tún tó dé odò Mano ní Bo Waterside, kí ó tó di pé ó tẹ ilẹ̀ Sàró. Ibodè mẹ́fà nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba Sẹ̀mẹ̀ rí nìkan tó láti jẹ́rìí nípa ohun tí ibodè kan ṣoṣo ń ṣe fún ènìyàn. Òfin ECOWAS ti 1979 ní ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin kì í dúró ti awakọ̀ lóru nínú igbó.

Wọ́n dá wa lóhùn pé lọ́rì méjèèjì ti ní Káàdì Bráùn ti ECOWAS. Èyí ni a fẹ́ kí gbogbo awakọ̀ fetí sí, yálà ẹ ń lọ sí Sàró tàbí ẹ kò lọ. Káàdì Bráùn, tí àwọn ìjọba fọwọ́ sí ní Kùtọnu ní 1982, dára púpọ̀. Bí o bá kọlu ọmọ ènìyàn ní Lomé tàbí o ba ọkọ̀ ẹlòmíràn jẹ́ ní Abidjan, òun ni yóò sanwó fún ẹni náà. Ẹni tí o kọlu ni ó wà fún. Ìwọ tí o di ọwọ́ mú, tí àyà rẹ fọ́ mọ́ ọwọ́ ọkọ̀, kò sí tìrẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún awakọ̀ pé Káàdì Bráùn ni ìńṣọ́ránsì rẹ̀, bóyá kò mọ̀, bóyá ó mọ̀ ó sì ń tàn án ni.

Àwọn kan nínú wa ní ṣebí òfin ti ìjọba wà, èyí tó ní kí wọ́n sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa. Ó wà. Láti 2010 ni òfin náà ti wà, agbanisíṣẹ́ sì ní láti máa dá owó sínú àpò náà lọ́dọ̀ NSITF lórí gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpalára tó bá ti ẹnu iṣẹ́ wá ni òfin yẹn mọ̀. Ẹni tó gba ìsinmi ọdún rẹ̀, tó lọ wakọ̀ fún ìgbìmọ̀ mìíràn ní ilẹ̀ òkèèrè, bí ó bá farapa, agbanisíṣẹ́ yóò ní kò sí lẹ́nu iṣẹ́ òun. Ìgbìmọ̀ yóò ní olùyọ̀ǹda ni, àwọn kò gbà á síṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe bọ́ sí àárín ìjókòó méjèèjì, ilẹ̀ ni yóò sì bá ara rẹ̀.

Níbi tí a dé yìí, kí a fi ọwọ́ kan ọ̀gá ilé iṣẹ́ tiwa náà. Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ tọ̀ wọ́n lọ, ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n fi dáhùn. Wọ́n ní àwọn yọ̀ǹda lọ́rì kan àti àwọn awakọ̀. Wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n ti ran aṣọ gbàgàdà kan tí wọn yóò ta mọ́ ẹ̀gbẹ́ lọ́rì, orúkọ ilé iṣẹ́ ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i. Nígbà tí a wo ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn awakọ̀, ohun tí a rí ni pé ọjọ́ tí wọn yóò lò lójú ọ̀nà àti ní Kenema, inú ìsinmi ọdún wọn ni wọn yóò ti yọ ọ́. Èyí tó bá lé, wọn kò ní sanwó rẹ̀. Ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ ló fúnni, awakọ̀ ló sanwó. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà ní ibòòji, ṣùgbọ́n a kò tíì rí èyí tí ẹni tó wà ní ibòòji yóò tún gba oríyìn pé oòrùn ń pa òun.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjì tó fẹ́ lọ fọ aṣọ ló ká wa lára jù. Àwọn tí kò mọ̀ yóò ní kí ni ó wà nínú aṣọ fífọ̀. Kenema wà láàárín ibi tí ibà Lassa ti ń jà. Àrùn yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní 1969, ibẹ̀ ni ó sì ti gba orúkọ. Eku ló ń gbé e wọ inú ilé, nípa ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tó ń ṣe sórí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ ara ènìyàn, ẹ̀jẹ̀, èébì àti omi ara rẹ̀ lè gbé e fún ẹlòmíràn. Aṣọ tí wọ́n ká lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀, ta ni yóò kó o? Dókítà ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ti lọ wẹ̀. Obìnrin wa ni yóò ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀.

A bi ìgbìmọ̀ léèrè bóyá wọ́n ti pe àwọn obìnrin yìí sí ẹ̀kọ́ ìdáàbòbò tí wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ náà wà fún àwọn oníṣègùn, pé wọn yóò fi bí wọn yóò ṣe máa ṣe é han àwọn obìnrin tí wọ́n bá débẹ̀. Ẹ gbọ́ ná. Ìgbà wo ni a kọ́ ẹni tí a fẹ́ sọ sínú odò ní ìwẹ̀? Ohun tí gbogbo àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí rí ń sọ ni pé wíwọ aṣọ ìdáàbòbò rọrùn, bíbọ́ rẹ̀ ni ewu wà. Ìbọ̀wọ́ ti ita ni a ó kọ́kọ́ fi omi klórínì fọ̀, ohun gbogbo ní ètò tirẹ̀, ẹnìkejì gbọ́dọ̀ dúró máa wo ẹni tó ń bọ́ ọ, kí ó má bàa fi ọwọ́ kan ojú ara rẹ̀. Ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n láìronú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìgémọ́tò ṣe mọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ fi ìka sí. A kì í kọ́ irú rẹ̀ ní ọjọ́ tí aláìsàn dé.

Ebola ti kọ́ gbogbo ayé ní ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí ó wọ Èkó ní Júláì 2014, ènìyàn 20 ni ó mú, ó sì pa 8. Gbogbo wa mọ orúkọ Dókítà Stella Adadevoh, tí kò jẹ́ kí aláìsàn náà jáde kúrò nílé ìwòsàn, tí ó sì bá a lọ. Ọlọ́run yóò fún un ní ìsinmi. Àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ inú wọ́ọ̀dù wà lára àwọn tó kú, àwọn mélòó nínú wa ló lè dárúkọ wọn? Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìròyìn kan jáde ní 2015 lórí Gínì, Làìbéríà àti Sàró. Wọ́n ní bí iṣẹ́ kálukú ti rí, àrùn náà mú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ìlọ́po 21 sí ìlọ́po 32 ju bí ó ti mú àwọn àgbàlagbà yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n sì ń ka òṣìṣẹ́ ìlera, wọ́n ka awakọ̀, wọ́n ka klínà, wọ́n ka àwọn tó ń sin òkú mọ́ wọn. Ikú kò mọ ẹni tó ń jẹ́ olùrànlọ́wọ́.

Kenema kan náà tí wọ́n ń lọ yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Dókítà Sheik Humarr Khan, tó jẹ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù ibà Lassa, kú ní ọjọ́ 29 oṣù Júláì 2014, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ló sì kú níbẹ̀ yàtọ̀ sí i. Ó di Nòfẹ́ńbà ọdún náà, àwọn ọmọkùnrin tó ń sin òkú Ebola ní Kenema daṣẹ́ sílẹ̀. Wọn kò tíì rí owó ewu tí wọ́n ṣèlérí fún wọn gbà fún oṣù Òkítóbà àti Nòfẹ́ńbà. Wọ́n gbé òkú 15 sílẹ̀ nígboro, àwọn kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ohun ìríra ni, a kò gbè wọ́n. Òkú ọmọ ènìyàn kì í ṣe ohun tí a fi ń jà. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn aláṣẹ ṣe? Wọ́n lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìjọba ní Freetown ní àwọn ti fi owó náà ránṣẹ́ sí Kenema. Àwọn tó wà ní Kenema ni kí a bi. Nínú oṣù kan náà, ní Bandajuma lẹ́bàá ìlú Bo, òṣìṣẹ́ tó lé ní 400 jáde kúrò nínú ilé ìtọ́jú Ebola nítorí owó ewu kan náà, 100 dọ́là lọ́sẹ̀ tí ìjọba ṣèlérí. Àwọn aláìsàn wà lórí ibùsùn.

Ohun tí àwọn tó ń bú wa kò fẹ́ gbọ́ nìyí. Wọ́n ní bí òṣìṣẹ́ bá béèrè, aláìsàn ni yóò jìyà. Ní Kenema àti Bandajuma, àìdáhùn ìbéèrè náà ní àkókò ni aláìsàn fi jìyà. Ìbéèrè tí a béèrè kí lọ́rì tó kúrò ní gáréèjì kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tí a bá gbé pamọ́ títí a fi dé àárín wọ́ọ̀dù ni ó ń di ìjà.

Àwọn kan mú ọ̀rọ̀ Kúbà wá, pé àwọn ọmọ Kúbà kì í béèrè. A mọ ìtàn náà, inú wa sì dùn sí i. Ọjọ́ 2 oṣù Òkítóbà 2014 ni dókítà àti nọ́ọ̀sì 165 láti Kúbà sọ̀kalẹ̀ ní Freetown. Nígbà tí wọ́n fi ka ti Làìbéríà àti Gínì mọ́ ọn, wọ́n jẹ́ 256. Kí wọ́n tó gbéra, wọ́n ti gbà wọ́n sí ilé ẹ̀kọ́ àrùn ilẹ̀ olóoru ní Havana, wọ́n pa àgọ́ fún wọn bí èyí tí wọn yóò bá ní Áfíríkà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní wíwọ̀ àti bíbọ́ lójoojúmọ́. Ebola mú dókítà kan ṣoṣo nínú wọn. Wọ́n fi bàálù gbé e lọ sí Geneva, ó yè, ó sì tún padà wá sí Sàró láti parí iṣẹ́ rẹ̀. Akin ni. Ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn ọmọ Kúbà kú, ọ̀kan ní Gínì, ọ̀kan ní Sàró. Ibà ló pa wọ́n, ibà ẹ̀fọn lásán tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ ò rí i pé bí a bá tilẹ̀ múra dé ojú àmì, ohun kékeré tún lè yọ láti ẹ̀yìn? Mélòó mélòó ni ẹni tí a kò múra sílẹ̀ fún rárá.

Ti owó náà, kí wọ́n má fi Kúbà dá wa lẹ́kun. Ní Bràsíl, láti 2013, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dókítà Kúbà ni wọ́n rán lọ sí àwọn ìletò tí dókítà Bràsíl kì í fẹ́ dé. Bràsíl ń sanwó lórí wọn, ìjọba Kúbà sì ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn dókítà náà ló kùn sí i, àwọn kan tilẹ̀ gbé e lọ sí kóòtù. Ìjọba Kúbà ní owó náà ni àwọn fi ń tọ́jú ilé ìwòsàn nílé. Òótọ́ lè wà nínú rẹ̀. Ní Nòfẹ́ńbà 2018, lẹ́yìn tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn sípò ààrẹ Bràsíl ní àfi kí wọ́n máa san owó náà lé àwọn dókítà lọ́wọ́ tààrà, Kúbà kó gbogbo wọn, tó lé ní 8,000, padà. Àwọn ìletò wà láìní dókítà. Nítorí náà àwọn ọmọ Kúbà pàápàá ń béèrè. Kò sí ibi tí òṣìṣẹ́ kò ti ń béèrè, bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó lè gbọ́ wà níbẹ̀.

Kí a sì tó lọ sí Kúbà, ṣebí ilé nìyí. Láti 1987 ni ìjọba Nàìjíríà ti ní ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda tí wọ́n ń pè ní Technical Aid Corps, tí wọ́n fi ń rán dókítà, nọ́ọ̀sì, tíṣà àti ẹnjiníà lọ sí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà, Karíbíà àti Pàsífíìkì fún ọdún méjì méjì. Olùyọ̀ǹda ni wọ́n ń jẹ́. Síbẹ̀ wọ́n ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wọn kí wọ́n tó lọ, àdéhùn sì wà láàárín ìjọba wa àti ilẹ̀ tó gbà wọ́n, wọ́n sì ń gba owó àjẹmọ́nú. Kò sí ẹni tó pè wọ́n ní aláìláàánú. Ní Dìsẹ́ńbà 2014 pàápàá, nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lé ní 150 yọ̀ǹda ara wọn láti lọ bá Sàró àti Làìbéríà jà fún ẹ̀mí wọn, abẹ́ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ni wọ́n lọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tó sọ pé kí wọ́n kàn wọ ọkọ̀ kí wọ́n máa lọ.

Ohun kan tún wà tí a fẹ́ bi ìgbìmọ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ tiwa gan-an. Ṣé kò sí ẹni tó ń fọ aṣọ ní Kenema ni? Ṣé kò sí mẹkáníìkì níbẹ̀? Àwọn obìnrin wà ní ìlú yẹn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n fọ aṣọ ilé ìwòsàn, tí wọ́n sì la Ebola já. Wọ́n mọ̀ ju àwọn tiwa lọ. Bí a bá kó obìnrin méjì láti ibí lọ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a gbà lọ́wọ́ àwọn ará wa níbẹ̀ yẹn. Ẹ lo owó ọkọ̀ àwọn méjì náà láti gba obìnrin mẹ́rin síṣẹ́ ní Kenema, kí ẹ san án fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó má di ti Nòfẹ́ńbà 2014. A ti sọ èyí fún àwọn obìnrin wa méjèèjì, inú ọ̀kan kò dùn, ó ti ń fẹ́ rí Sàró láti kékeré. A bẹ̀ ẹ́.

Ti oníná yàtọ̀, òun ni kí wọ́n mú dání dandan. A rí àkọsílẹ̀ ẹrù tí lọ́rì yóò kó. Ẹ̀rọ méjì wà níbẹ̀ tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́. Iná 120 fóòtì ni Amẹ́ríkà ń lò, 230 ni ti Sàró bíi tiwa. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ tì í bọ iná ni yóò jó, òkú irin ni yóò sì wà ní igun ilé ìwòsàn fún ogún ọdún. Oògùn kan tún wà nínú àkọsílẹ̀ náà tí ọjọ́ rẹ̀ yóò parí láàárín oṣù mẹ́rin. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní oògùn tí a bá fi tọrẹ gbọ́dọ̀ ṣì ní ọdún kan, ó kéré tán, nígbà tó bá dé ilẹ̀ ẹni tí a fún. Nígbà ogun Bosnia, láàárín 1992 sí 1996, wọ́n kó oògùn tí kò wúlò tó 17,000 tọ́ọ̀nù lọ bá àwọn èèyàn tí ìyà ń jẹ. Awakọ̀ ló wà á. Kí awakọ̀ wa má fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gbé ìdọ̀tí ẹlòmíràn gba ibodè mẹ́fà kọjá.

Ohun tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹ̀ka wa ti fi ránṣẹ́ sí wọn nìyí. Kí orúkọ gbogbo ẹni tó ń lọ wọ inú ìwé ìńṣọ́ránsì kan náà, pẹ̀lú owó bàálù tí yóò gbé e wálé, ì báà jẹ́ dókítà, ì báà jẹ́ awakọ̀. Bí wọ́n bá ní owó kéré, kí wọ́n mú un nínú owó ọjọ́ kan tí àwa òṣìṣẹ́ fẹ́ dá. A gbà bẹ́ẹ̀, a ti bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ọ́. Kí gbogbo ẹni tó ń lọ wà ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé. Kí awakọ̀ méjì wà nínú lọ́rì kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìgbà, kí ẹnikẹ́ni má sì wakọ̀ lóru. Sí ilé iṣẹ́ wa ni a kọ ìwé tirẹ̀: kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnu iṣẹ́ ni àwọn awakọ̀ wà láti ọjọ́ tí wọ́n bá jáde títí di ọjọ́ tí wọ́n bá padà, kí owó oṣù wọn pé, kí ìsinmi ọdún wọn wà níbi tó wà. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n ta aṣọ gbàgàdà wọn mọ́ lọ́rì bó bá ṣe wù wọ́n.

Títí a ó fi rí èsì lórí ìwé, kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń gbé kiri ní gáréèjì. Ìlà kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́, tó ní ẹni tó fọwọ́ sí i kò ní bi ìgbìmọ̀ ní ohunkóhun “bí ó ti wù kí ó rí”. Ẹni mẹ́ta ti fọwọ́ sí i; kí wọ́n wá rí akọ̀wé ẹ̀ka, a ó bá wọn kọ lẹ́tà láti fà á padà.

Ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí yóò wáyé ní ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. A ti pe àwọn ìgbìmọ̀ oníṣègùn wá, méjì nínú wọn ti ní àwọn yóò wá. Àwọn tó ti kọ orúkọ sílẹ̀, kí ẹ má dúró de ìpàdé kí ẹ tó lọ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, nítorí ọjọ́ mẹ́wàá ni ó gbọ́dọ̀ lò lára kí káàdì yẹ́lò yín tó dára lójú àwọn ará ibodè. Ẹni tó bá ti gbà á rí, kí ó wá káàdì rẹ̀ jáde. Láti Júláì 2016, káàdì náà kò ní ọjọ́ ìparí mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sanwó láti sọ ọ́ di tuntun, ẹ má san án.